Bàbá Tún Ti Yí Orin Ìparí Padà

Mọ́ńdè, 3 Nọ̀fẹ́ńbà

"Níní, ṣé orin lò ń kọ ni àbí búrẹ́dì lò ń tà? Àjíkẹ́ kì í ṣe oníbúrẹ́dì! Tún un mú látòkè, àbí kí n lọ pe ewúrẹ́ Ìyá Àyúbà kó wá bá mi kọ ọ́?"

Bí Bàbá Àgbà ṣe pariwo mọ́ mi nìyẹn lójú gbogbo kúáyà, lójú Tóbi tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù pàápàá. Tóbi rẹ́rìn-ín. Ó ṣe bí ẹni ń wúkọ́, ṣùgbọ́n mo rí i. Mo kọ ọ̀rọ̀ Bàbá sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kó lè wà níbì kan lọ́jọ́ tí gbogbo èèyàn bá ń sọ pé ẹni jẹ́jẹ́ ni wọ́n.

Ó dùn mí, torí èmi náà fẹ́ ṣe Àjíkẹ́ yẹn nínú eré. Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní SS2, ohun tí wọ́n ń pè mí sí ò ju kí n wá fọ ìkòkò, kí n wá ká ìwé ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tẹ́nì kan máa sọ pé èmi ni ipò kan yẹ. Lọ́jọ́ tí Bàbá mú mi, mo lọ sẹ́yìnkùlé lọ sunkún. Bí mo bá sọ fún wọn nílé, wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún á fi parí.

Ẹrù Àjíkẹ́ ni wọ́n ń pe eré náà. Orin ni látìbẹ̀rẹ̀ dópin, Bàbá ló sì kọ gbogbo ẹ̀ kí wọ́n tó bí màmá mi. Wọ́n gbé e láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Kánò. Ní Sátidé, ọjọ́ kẹtàlá Disẹ́ńbà, ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Bàríga fẹ́ tún un ṣe láti fi yẹ́ Bàbá sí. Kò sí arúgbó Ṣómólú tí ò mọ orin ìparí ẹ̀, ìyẹn "Ó Ti Tán Nínú Mi", níbi tí Àjíkẹ́ ti ń foríji ọkọ ẹ̀. Màmá Àgbà, Morọ́láyọ̀, ló máa ń kọ ọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti kú lọ́dún tó kọjá, mi ò lè lọ ra ata kí ẹnì kan má dá mi dúró: "Ọmọ ọmọ Ògúntádé, ṣé ìwọ lo máa kọ orin Morọ́láyọ̀?"

Èmi ni. Èmi oníbúrẹ́dì.

Wẹ́sìdeè, 5 Nọ̀fẹ́ńbà

Òjò tá a rò pé ó ti lọ tún padà wá. Bàjúláyé ti di ẹrẹ̀. Kàlẹ́ńdà ọdún tó ń bọ̀ ni mò ń ká látàárọ̀, ìka mi ti gé níbi mẹ́ta.

Ọ̀gá Mùtíù tó ni ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé wa ní òun máa tẹ pósítà eré náà lọ́fẹ̀ẹ́, torí ẹ̀yìn ìyá òun lòun wà tóun fi kọ́kọ́ wò ó. Wọ́n jókòó, wọ́n fúnra wọn ro ohun tí wọ́n máa kọ sí i: ẸKÚN, Ẹ̀RÍN, ÌDÁRÍJÌ! Ẹ WÁ GBỌ́ "Ó TI TÁN NÍNÚ MI"! Lẹ́tà pupa tó tóbi ju orúkọ Bàbá lọ.

Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé kò ti pọ̀ jù?"

Wọ́n ní, "Pósítà tí ò bá pariwo, ògiri lásán ni."

Sátidé, 8 Nọ̀fẹ́ńbà

Mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

A dé orin ìparí ní rìhásà lónìí. Mo ti la ẹnu, mo ti mí sínú, Tóbi ti tẹ ohùn tí mo máa mú. Bàbá gbé ọ̀pá wọn sókè.

"Ó tó. A ò kọ ìyẹn mọ́."

 Anti Rẹ̀mí, ẹ̀gbọ́n màmá mi tó ń ṣètò gbogbo nǹkan, dìde níbi tó jókòó sí. "A ò kọ kí ni mọ́, Bàbá?"

"'Ó Ti Tán Nínú Mi'. Mo ti yọ ọ́. Àjíkẹ́ ò foríji ẹnikẹ́ni. Ó máa gbé ẹrù ẹ̀, á jáde nílé, eré á sì parí."

"Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ kọ orin yẹn."

"Èmi náà ni mo pa á rẹ́. Ṣé mo yá a lọ́wọ́ ẹnì kan ni?"

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa ní tuntun, ìlà kan, kí n gbè é, ìlà kan, kí n gbè é, ọ̀pá wọn ń dún lórí tábìlì. *Mo gbé igbá mi, mo gbé aṣọ mi, mo filé sílẹ̀ fún onílé.* Kò sí ibi tí èèyàn máa pàtẹ́wọ́ nínú ẹ̀. Kò sí ègbè. Ó ga débi pé iṣan ọrùn mi yọ. Ìyá kan nínú kúáyà ní, "Èyí ò jọ orin, ó jọ ìjà."

Bàbá ní, "Ẹ ṣeun, mà. Ohun tí mò ń wá nìyẹn."

Tọ́sìdeè, 13 Nọ̀fẹ́ńbà

Bàbá tún ti yí i padà. Kò sí NEPA. Ó ti sú mi.

Sọ́ńdè, 16 Nọ̀fẹ́ńbà

Lẹ́yìn ìsìn, Pásítọ̀ Adébọ̀dé pe èmi, Bàbá àti Anti Rẹ̀mí sí ọ́fíìsì. Wọ́n fún wa ní omi inú ọ̀rá. Nígbà tí wọ́n bá ti fún èèyàn lómi, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n ní, "Bàbá, àsìkò Kérésì la wà. Obìnrin tó kó kúrò nílé ọkọ, ṣé ohun tá a fẹ́ kí àwọn èèyàn mú lọ sílé nìyẹn?"

Bàbá mu omi wọn tán kí wọ́n tó dáhùn. "Pásítọ̀, nígbà tí mo fẹ́ ìyàwó kejì, ìjọ yìí lé mi kúrò nídìí dùùrù. Ẹ ò foríjì mí. Ẹ wá fẹ́ kí Àjíkẹ́ bá yín ṣe é."

"Nígbà yẹn, mi ò tíì débí, sà."

"Ẹ ti débẹ̀ báyìí."

Anti Rẹ̀mí fi gèlè bojú. Ó fẹ́ẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo wo ilẹ̀. Ìyàwó kejì tí Bàbá ń sọ ni Ìyá Fàsílátù. Oníjó ni wọ́n nínú ẹgbẹ́ eré Bàbá. Bàbá ní láyé ìgbà yẹn, bí ọ̀gá eléré ò bá fẹ́ obìnrin tó mọṣẹ́, ọ̀gá míì á fẹ́ ẹ lọ, èèyàn á sì dé Òṣogbo láìní ẹni tó máa jó. Báyìí ni wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́, bí ìgbà téèyàn ń sọ̀rọ̀ táyà ìpààrọ̀ ọkọ̀.

Túsìdeè, 18 Nọ̀fẹ́ńbà

Àwọn ọmọ Ọ̀gá Mùtíù ti lẹ pósítà ká gbogbo Fọlá Agoro. Kò sẹ́ni tó sọ fún Ọ̀gá pé orin ti yí padà. Èmi ló yẹ kí n sọ. Mo ń rò pé Bàbá á tún yí i padà sí ti tẹ́lẹ̀ ni.

Wọ́n wá pè mí ní ṣọ́ọ̀bù pé kí n wá mú bàbá mi. Mo bá Bàbá níbi ìyànà, pẹ̀lú bùbá wọn tó funfun báláú, tí wọ́n ń fi ìdí ọ̀pá ha pósítà kúrò lára ògiri. Wọ́n ti ha ÌDÁRÍJÌ kúrò. Wọ́n ti bọ́ sórí Ó TI TÁN. Àwọn oní-kẹ̀kẹ́ ń wò wọ́n bí sinimá. Ọ̀kan ní, "Bàbá, ṣé gbèsè lẹ jẹ ẹni orí pósítà yìí ni?"

Bàbá ní, "Èmi ni ẹni orí pósítà."

Mo dì wọ́n lọ́wọ́ mú títí dé ilé. Ojú tì mí débi pé mi ò wo apá ọ̀tún tàbí òsì. Ọ̀gá Mùtíù ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi ṣíwọ́. Kí n tó lọ ni wọ́n sọ pé, "Níní, o ká pósítà yẹn lójú mi. O sì dákẹ́."

Òótọ́ ni.

Sátidé, 22 Nọ̀fẹ́ńbà

Tòmátì ti gbówó lórí, ọbẹ̀ wa ti di ata àti àlùbọ́sà. Anti Rẹ̀mí ní òun ò lè máa ro ti ọbẹ̀ kóun tún máa ro ti Bàbá.

Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn rìhásà. "Gbọ́, ní rìhásà, kọ ohun tí Bàbá fẹ́. Lọ́jọ́ náà gan-an, kọ ti màmá mi. Wọ́n ò ní lè ṣe nǹkan kan lójú èrò. Bí àwọn èèyàn bá sì ti dìde tí wọ́n ń gbè é, inú wọn á dùn. Mo mọ bàbá mi."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n ro ó, mà."

"Kí lo fẹ́ rò? Ṣé o fẹ́ kí orin màmá mi kú mọ́ wọn ni?"

Mo ní, "Rárá, mà. Màá kọ ọ́."

Mi ò tíì dé géètì tí Pásítọ̀ fi pè mí. Ohun kan náà. Wọ́n fi kún un pé bí mi ò bá kọ ọ́, àwọn á fi àdúrà parí eré kó tó débẹ̀. Mo ní, "Kò burú, sà."

Sọ́ńdè, 23 Nọ̀fẹ́ńbà

Mo bi Bàbá léèrè. Wọ́n ń gé èékánná ẹsẹ̀ wọn lọ́dẹ̀dẹ̀, mo ń bá wọn di ẹsẹ̀ mú torí wọn ò lè tẹ̀ ba mọ́. Mo rò pé ẹni tó gbé ẹsẹ̀ lé èèyàn lọ́wọ́ ò ní lè pariwo.

Mo ní, "Bàbá, kí ni orin yẹn ṣe yín?"

 Èékánná kan fò lọ sínú kòtò ìdọ̀tí.

"Irọ́ ni. Mo kọ ọ́ lọ́dún tí mo fẹ́ Ìyá Fàsílátù. Mo fún ìyá àgbà rẹ kó máa kọ ọ́ sí mi lójú lórí sitéèjì. Ó ń kọ ọ́. Gbogbo ayé ń sunkún, wọ́n ń sọ pé irú ìyàwó rere wo nìyí. Tá a bá délé, kò ní dárúkọ mi. Á ní, 'Rẹ̀mí, sọ fún un pé oúnjẹ ẹ̀ wà lórí tábìlì.' Títí tó fi kú. O gbé pẹ̀lú wa, ṣé o gbọ́ kó pè mí rí?"

Mo rò ó. Mi ò gbọ́ rí. Mo rò pé bí àwọn arúgbó ṣe ń ṣe nìyẹn.

"Mo kọ ìdáríjì fún ara mi, mo wá gbé e sí i lẹ́nu. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tún fi irọ́ yẹn yẹ́ mi sí kí n tó kú." Wọ́n fa ẹsẹ̀ wọn yọ. "Díẹ̀ ló kù kó o gé mi ní àtàǹpàkò. Ṣọ́ra."

Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń gé e o.

Fúráìdeè, 28 Nọ̀fẹ́ńbà

Ọyẹ́ ti dé, ohùn mi ti há. Bàbá ní kí n máa jẹ orógbó. Orógbó korò, Bàbá korò.

Túsìdeè, 2 Disẹ́ńbà

Bàbá pè mí wọ yàrá, wọ́n ní kí n jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ohun tí wọn kì í jẹ́ kẹ́nì kankan ṣe. "Wọ́n ti bá ẹ sọ̀rọ̀, àbí? Rẹ̀mí àti Pásítọ̀."

Mo ń ká etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì wọn.

"Mo ti darí eré kí wọ́n tó bí wọn. Mo mọ ojú olórin tí wọ́n ti bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọ̀gá ẹ̀. Ṣèlérí fún mi pé tuntun lo máa kọ."

Wọ́n di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ wọn gbẹ bí ewé. Mo ní, "Màá kọ ọ́, Bàbá."

Mo ti gbà fún gbogbo wọn báyìí. Ọlọ́run ló mọ irú ọmọ tí mo jẹ́. Bí mo bá kọ ti tẹ́lẹ̀, mo fi irọ́ lu Bàbá lójú gbogbo Bàríga. Bí mo bá kọ tuntun, Anti Rẹ̀mí á ní mo sin màmá òun lẹ́ẹ̀kejì. Bí Pásítọ̀ bá sì fi àdúrà gé e, a jẹ́ pé mo jẹ gbogbo orógbó yẹn lásán. Ìdí tí mo ṣe fẹ́ràn kíká ìwé ní ṣọ́ọ̀bù nìyí. Ìwé ò ní sọ pé kó o ṣèlérí.

Sátidé, 6 Disẹ́ńbà

Rìhásà aláṣọ: gbogbo wọn wọ aṣọ eré, ìró tèmi nìkan ni kò tíì dé. Bàbá ní àwọn fúnra àwọn máa ṣe Olóyè, ọkọ Àjíkẹ́, nínú orin ìparí. Iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n jókòó sórí àga kí wọ́n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí mo bá ń lọ.

Mo kọ ọ́. Lónìí, ohùn mi dé gbogbo ibi tí kì í dé. Mo gbé igbá sórí, mo yíjú, mo ti ń lọ sápá ibi tí a ń gbà jáde.

Bàbá ní, "Morọ́láyọ̀, dúró."

Kò sí nínú eré. Tóbi gbọ́wọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù. Mi ò mọ̀ bóyá kí n dúró àbí kí n máa lọ, mo kàn ń fọwọ́ di igbá mú bí ẹni tó ti sọnù lọ́jà. Ẹnì kankan ò rẹ́rìn-ín, Tóbi pàápàá ò rẹ́rìn-ín. Bàbá wò mí, wọ́n rí i pé èmi ni, wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ ẹ yá jù. Tún un gbé."

Anti Rẹ̀mí ti jáde síta. Nígbà tó padà wọlé, ojú ẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, "Ṣẹ́ ẹ rí i? Orin yìí máa pa wọ́n."

Mọ́ńdè, 8 Disẹ́ńbà

Anti Rẹ̀mí rán mi lọ gba ìró àdìrẹ Àjíkẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Fàsílátù, torí ọ̀dọ̀ wọn làwọn aṣọ eré àtijọ́ wà. Wọ́n ń gbé ní ilé ọmọ wọn ní Bàríga, nítòsí mọ́ṣáláṣí. Mi ò fẹ́ lọ. Nílé wa, wọ́n kì í dárúkọ wọn bí kò bá sí ìdí.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán, wọ́n ṣì jókòó lórí ẹní. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n wò mí pẹ́. "Imú Morọ́láyọ̀ rèé. Dìde. Mo gbọ́ pé ọkọ mi tún ń da eré rú."

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn. Mi ò mọ ìdí. Bóyá torí wọn ò ní kí n ṣèlérí.

Wọ́n tú ìró yẹn sórí ẹsẹ̀, wọ́n ń wo ibi tí kòkòrò ti jẹ ẹ́. "Ní Ìlọrin lọ́dún kan, ọ̀fun ìyá àgbà ẹ wú. Kò lè sọ̀rọ̀. Ọkọ wa ní kí èmi kọ orin ìparí lọ́jọ́ yẹn. Inú mi dùn bí nǹkan míì, mo ti kun lẹ́ẹ̀lì sójú. Bí mo ṣe fẹ́ jáde, Morọ́láyọ̀ dì mí láṣọ mú lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Mo rò pé ó fẹ́ gbá mi létí ni. Ó fi ohùn tó há yẹn ní, 'Ilé, a ti jọ pín in. Ọkọ, a ti jọ pín in. Orin yìí, tèmi ni. Mi ò ní bá ẹnì kankan pín in.' Ó jáde lọ, ó fi ẹnu lásán sọ gbogbo orin náà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ fún ọmọ tó ń sùn. Kò sẹ́ni tó wúkọ́ nínú gbọ̀ngàn yẹn."

Mo ní, "Ìyá, ṣé wọ́n wá foríji Bàbá ni?"

"Ta ló sọ fún ẹ?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi fọwọ́ di ìgbáròkó. "Kò foríjì í rárá. Ó kàn fẹ́ràn orin ju ọkọ lọ ni. Èmi náà ìbá ṣe bẹ́ẹ̀, ká ní wọ́n kọ ọ̀kan fún mi."

Wọ́n ká ìró náà fún mi. Ó ń rùn káńfọ̀.

Tọ́sìdeè, 11 Disẹ́ńbà

Bàbá àti Anti Rẹ̀mí ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. "Níní, sọ fún bàbá ẹ pé oògùn wọn rèé." "Níní, sọ fún un pé mo ti rí i." Oògùn ọ̀hún wà láàárín àwọn méjèèjì, ọwọ́ lásán ló máa kàn án.

Látọjọ́ Mọ́ńdè ni ọ̀rọ̀ Ìyá Fàsílátù ti wà lẹ́nu mi. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá Bàbá tí mo tún padà. Bí mo bá sọ fún wọn, mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀.  Wọ́n á wá béèrè bíírò. Kó tó di ọ̀la, orin ìparí kẹta á ti wà, wọ́n á sì pe gbogbo wa sí rìhásà. Bí mo bá sọ fún Anti Rẹ̀mí, á fi já Bàbá nírọ́. Àwọn méjèèjì ń jà lórí orin tí Màmá Àgbà ti sọ tipẹ́ pé tòun ni. Mo wá bínú gan-an, mo lọ fọ gbogbo ìkòkò láìjẹ́ pé wọ́n rán mi.

Sátidé, 13 Disẹ́ńbà. Àárọ̀

Wọ́n ti ń to àga ní gbọ̀ngàn, mo ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ wọn láti ibí. Ọ̀gá Mùtíù ránṣẹ́ pé òun máa wá, òun máa mú ìyá òun dání, òun ò sì tíì dárí jì mí. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Mo ti mọ ohun tí mo máa ṣe.

Màá kọ tuntun fún Bàbá látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ohùn gíga yẹn àti gbogbo ẹ̀. Mi ò ní foríji Olóyè. Màá gbé igbá. Ṣùgbọ́n mi ò ní gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Màá sọ̀kalẹ̀ láàárín èrò, màá gba ọ̀nà àárín lọ sí ẹnu ọ̀nà ńlá, bí mo bá sì ti kọ ẹ̀yìn sí Bàbá ni màá bẹ̀rẹ̀ ti Màmá Àgbà, láìsí kíbọ́ọ̀dù, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ẹrù ẹ̀ sọ̀rọ̀. Mi ò ní yíjú wo ẹnì kankan, kí wọ́n má baà rò pé àwọn ni mò ń kọ ọ́ fún. Bí àwọn arúgbó bá fẹ́ gbè é, kí wọ́n gbè é, mi ò ní dúró. Pásítọ̀ ò sì lè fi àdúrà gé ẹni tó ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ilé ni Àjíkẹ́ fi sílẹ̀ fún onílé. Orin wà nínú ohun tó kó lọ.

Mi ò ní sọ fún Tóbi pàápàá. Kó máa wá ohùn tí mo mú.

Anti Rẹ̀mí ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú pé ṣé mo ti wẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Èwo lo máa kọ?"

Mo ní, "Èyí tẹ́ ẹ sọ, mà."

Bàbá ń pè mí nínú yàrá báyìí. Ìbéèrè kan náà ni. Ìdáhùn kan náà ni màá fún wọn.